Ẹ Gbé Dígí Sọ́wọ́ Kí Ẹ Tó Pinnu: Bí a ṣe ń fúnra ẹni ṣe ìpinnu lọ́nà Búdà

Ìlú kékeré kan wà ní ilẹ̀ Kosala, ní Íńdíà àtijọ́, tó ń jẹ́ Kesaputta. Àwọn Kalama ló ń gbé ibẹ̀, oníwàásù kò sì wọ́n lọ́dọ̀ wọn. Ti òní á dé, á gbé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ga, á fi ti àwọn yòókù wọ́lẹ̀. Ti ọ̀la á dé, á tún ṣe bákan náà. Nígbà tí Búdà, olùkọ́ tó dá ẹ̀sìn Búdà sílẹ̀, náà wá kan ìlú wọn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀: nínú gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ta ló ń sọ òótọ́, ta ló ń parọ́?

Búdà kò dáhùn pé òun ni. Ó ní wọn kò jẹ̀bi bí wọ́n bá ń ṣiyèméjì, torí ọ̀rọ̀ tó gba iyèméjì ni. Ó wá ka ohun mẹ́wàá tí kò yẹ kí wọ́n torí rẹ̀ nìkan gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Ẹ má gbà á kìkì nítorí pé ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu dé ẹnu, tàbí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìran dé ìran, tàbí pé wọ́n ní wọ́n ní, tàbí pé ó wà nínú àkójọ ọ̀rọ̀ mímọ́. Ẹ má sì gbà á kìkì nítorí pé ó bá làákàyè mu, tàbí pé ẹ fi ọ̀kan ro èkejì, tàbí pé ẹ ti yẹ bó ṣe rí lójú wò, tàbí pé ó bá èrò tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ mu. Ẹ má sì gbà á nítorí pé ẹni tó ń sọ ọ́ jọ ẹni tó mọ̀ ọ́n, tàbí pé olùkọ́ yín ni.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn tó fi ń gba ara wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ ìbáwí. "Búdà ní ká má gbọ́ tẹnikẹ́ni." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá yẹn, orí tiwa fúnra wa ni wọ́n ń bá wí: làákàyè wa, àfiwé wa, ohun tó rí bẹ́ẹ̀ lójú wa, èrò tí a ti dì mọ́ látàná. Ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tó bọ́ lọ́wọ́ pásítọ̀ tàbí ààfáà rẹ̀, tó wá ń ṣe gbogbo ohun tí orí rẹ̀ bá sọ láì bi í léèrè ọ̀rọ̀ kankan, ọ̀gá ló pààrọ̀.

Ohun tí Búdà fi rọ́pò àwọn mẹ́wàá náà ni pé: nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín bá mọ̀ pé ohun kan ń mú ìpalára àti ìyà wá, tí àwọn ọlọ́gbọ́n sì ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ẹ fi í sílẹ̀, nígbà tí ẹ bá mọ̀ pé ó ń mú ire wá, ẹ máa ṣe é. "Kí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀" yìí ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí. Èmi kì í ṣe mọ́ńkì, ìyẹn ẹni tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀sìn Búdà, o. Mo kàn ti gbé àwọn ẹ̀kọ́ yìí lé ìpinnu tèmi lórí fún ọdún díẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá ẹni tó ni ọ̀rọ̀

Ẹ mú bébà. Ẹ kọ ìpinnu tó wà níwájú yín ní gbólóhùn kan tí ọmọ ilé ìwé lè kà kó yé e. "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi" kì í ṣe gbólóhùn. "Ṣé kí n fi iṣẹ́ ọ́fíìsì yìí sílẹ̀ lóṣù kẹta, kí n lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ?" ni gbólóhùn. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ gbogbo ìdí tó ń fà yín lọ àti èyí tó ń fà yín sẹ́yìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí kọ̀ọ̀kan, ẹ wá kọ ẹnu tó ti jáde: ìyá mi, ọ̀rẹ́ mi tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, fídíò kan tí mo wò, bí a ṣe ń ṣe nílé wa, mo ṣírò ó, ó kàn ń wù mí.

Ẹ má tíì pa èyíkéyìí rẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé bí wọ́n bá rí "ìyá mi" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí mẹ́rin, ìdí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ gbọ́ ìtàn Sigala. Ní òwúrọ̀ kan ní ìlú Rajagaha, Búdà rí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí tí irun àti aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, tó pa ọwọ́ pọ̀, tó ń forí balẹ̀ fún ìlà oòrùn, fún gúúsù, fún ìwọ̀ oòrùn, fún àríwá, fún ilẹ̀, fún òkè. Ó bi í pé kí ló dé. Sigala ní bàbá òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún òun nígbà tó ń kú lọ, òun sì bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ bàbá òun.

Búdà kò ní kó jáwọ́. Ó ní bí àwọn ọlọ́gbọ́n ṣe ń kí igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọ́ nìyẹn, ó sì fún un ní ìtumọ̀ wọn: ìlà oòrùn ni òbí, gúúsù ni olùkọ́, ìwọ̀ oòrùn ni ìyàwó àti ọmọ, àríwá ni ọ̀rẹ́, ilẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ẹni, òkè ni àwọn tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún ìwà mímọ́. Ó wá ka ojúṣe tó wà láàárín Sigala àti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀rọ̀ bàbá kò ṣubú. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí Sigala bá kọjú sí ìlà oòrùn, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ lè yẹ ìmọ̀ràn ìyá yín wò títí, kí ẹ sì padà gbà á bó ṣe rí. Ìpinnu tiyín náà ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wo omi kí ẹ tó wo ojú

Ẹ̀kọ́ kan wà tí Búdà fi fún onímọ̀ ẹ̀sìn kan tó ń jẹ́ Sangarava, tí mo fẹ́ràn gan-an torí pé ojúmọ́ kan kò lè mọ́ kí n má rí ìlò rẹ̀. Ó ní ọkàn dà bí abọ́ omi tí èèyàn fẹ́ fi wo ojú ara rẹ̀. Irú omi márùn-ún ló wà tí kò ní jẹ́ kó rí i.

Èkíní ni omi tí wọ́n po aró mọ́: ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ni. Ẹ ti mọ̀ ọ́n: ọjà tí wọ́n ní ó ku méjì péré, ilẹ̀ tí wọ́n ní ẹlòmíì ti ń mú owó bọ̀. Ẹ sùn lé e lórí. Bí ó bá ṣì ní àwọ̀ kan náà láàárọ̀, ẹ padà sí i.

Èkejì ni omi tó ń hó: ìbínú. Mo ti kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ rí ní aago mọ́kànlá alẹ́, nígbà tí omi tèmi ń hó. Ohun tí ọ̀gá kan sọ sí mi lọ́sàn-án ni mo ń fèsì sí. Iṣẹ́ gan-an kò sí lọ́kàn mi. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Nígbà tó di aago mẹ́fà àárọ̀, mo ṣì fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò bá má fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn láìgba owó oṣù, mi ò bá má sì kọ ìlà kẹta inú lẹ́tà yẹn láéláé.

Ẹ̀kẹta ni omi tí ewéko ojú omi bò: ọ̀lẹ àti oorun, ọkàn tó wúwo. Ìwòsàn tí Búdà fún Moggallana, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tó ń tòògbé kò ní awo kankan nínú: kó fi ọwọ́ ra ara rẹ̀, kó bomi sójú, kó gbójú sókè wo ìràwọ̀, kó dìde rìn síwá sẹ́yìn, bí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, kó sùn. Ẹ má ṣe ìpinnu ńlá lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ rin ìrìn àjò wákàtí mẹ́wàá.

Ẹ̀kẹrin ni omi tí atẹ́gùn ń gbé lù: àìbalẹ̀-ọkàn àti àbámọ̀. Èyí ni mímí ń tọ́jú. Ẹ jókòó, ẹ̀yìn yín kó nàró, fún bí ogún ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá ń mí sínú, ẹ mọ̀ pé ẹ ń mí sínú. Bí ẹ bá ń mí síta, ẹ mọ̀. Bó gùn, ẹ mọ̀ pé ó gùn. Bó kúrú, ẹ mọ̀ pé ó kúrú. Ọkàn yóò sá lọ, ẹ mú un padà, ẹ má bá a jà. Ẹ má sì wá ìdáhùn sí ìpinnu náà nínú ìjókòó yẹn. Pé kí omi rọlẹ̀ nìkan ni ẹ ń wá.

Ìkarùn-ún ni omi ẹrẹ̀ tí wọ́n gbé sínú òkùnkùn: iyèméjì tí kò lórí tí kò nídìí. Àṣàrò nìkan kì í tán èyí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí ẹ kò tíì lọ bèèrè ni ẹrẹ̀ náà. Èló ni owó ṣọ́ọ̀bù lọ́dún? Ẹ̀rọ ìránṣọ mélòó ni ẹ nílò? Ẹ dìde kí ẹ lọ bèèrè.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ta ló di ọwọ́ yín mú?

Búdà sọ fún Sigala kan náà pé ọ̀nà mẹ́rin ni èèyàn máa ń gbà yà kúrò lójú ọ̀nà tó tọ́: nítorí ojúsàájú, nítorí ìkórìíra, nítorí àìmọ̀, nítorí ìbẹ̀rù. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í ṣòro láti rí lára ẹlòmíì. Ìbẹ̀rù ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí pé aṣọ ọ̀wọ̀ ló sábà máa ń wọ̀ lọ́dọ̀ àwa tí wọ́n tọ́ láti máa dọ̀bálẹ̀ àti láti máa kúnlẹ̀. Èèyàn á ní òun bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà ìdílé, nígbà tó jẹ́ pé ariwo wọn ló ń bà á lẹ́rù.

Ìdánwò kan rèé. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹni tí ẹ ń bẹ̀rù ti gbà tẹ́lẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín, pé ohunkóhun tí ẹ bá ṣe dára. Ṣé ohun kan náà ni ẹ ó ṣì pinnu? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀wọ̀ ni. Bó bá yí padà lójú ẹsẹ̀, ẹ kọ "ìbẹ̀rù" sórí bébà yẹn. Ẹ tún yí ìdánwò náà padà: bí kò bá sí ẹnikẹ́ni tó máa bínú sí i, ṣé ó ṣì máa wù yín láti ṣe é? Àwọn kan wà tí àtakò ni epo ọkọ̀ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Dígí Rahula

Rahula ni ọmọ kan ṣoṣo tí Búdà bí. Bàbá rẹ̀ wá bá a ní Ambalatthika, lẹ́bàá Rajagaha. Àwọn alálàyé ìgbàanì ní ọmọ ọdún méje péré ni nígbà náà. Búdà fọ ẹsẹ̀, ó ṣẹ́ omi díẹ̀ kù sínú igbá ìbomi, ó ní: ṣé o rí bí omi yìí ṣe kéré tó? Bẹ́ẹ̀ ni ìwà mímọ́ ṣe kéré tó lára ẹni tí ojú kì í tì láti mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Ó da omi náà nù, ó dojú igbá dé, ó tún ṣí i láti fi òfìfo inú rẹ̀ hàn án, ó ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ ọ̀rọ̀ irọ́ mọ́ ọmọ náà létí. Ẹ̀yìn èyí ló tó bi í pé, "Kí ni wọ́n ń fi dígí ṣe?" Rahula ní wọ́n fi ń wo ara ẹni. Búdà ní bẹ́ẹ̀ náà ni kó máa wo ohun tó bá fẹ́ ṣe, ohun tó bá fẹ́ sọ, àti ohun tó bá fẹ́ rò: kó wò ó kó tó ṣe é, kó wò ó bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́, kó tún wò ó lẹ́yìn tó bá ṣe é tán.

Ẹ̀kọ́ irọ́ ló ṣáájú dígí. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń purọ́ fún ara rẹ̀ á wo dígí títí, ojú tó fẹ́ rí ló máa rí.

Ìbéèrè inú dígí náà mẹ́ta ni: ṣé yóò pa mí lára? Ṣé yóò pa ẹlòmíì lára? Ṣé yóò pa àwa méjèèjì lára? Ẹ gbé e lé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yẹn lórí. "Ẹlòmíì" kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán: ẹ kọ orúkọ wọn. Ìyàwó tàbí ọkọ yín. Ọmọ tí owó ilé ìwé rẹ̀ ń bọ̀ lóṣù kẹsàn-án. Àbúrò tí ẹ ń ran lọ́wọ́. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni náà bí ọjà kò bá tà fún oṣù mẹ́fà. Búdà kò kórìíra ìṣirò owó rárá. Ó sọ fún Sigala pé kó pín ohun ìní sí ọ̀nà mẹ́rin, kó fi ọ̀kan gbádùn, kó fi méjì ṣe iṣẹ́, kó sì fi ìkẹrin pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro. Bí apá kẹrin yẹn kò bá sí lọ́wọ́ yín, oṣù kẹta ti yá jù. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ìránṣọ náà dára, ọjọ́ tí ẹ dá fún un ni kò dára.

Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, dígí kò tíì kúrò lọ́wọ́. Apá yìí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń fò. A rò pé ẹni tó pinnu tó wá dúró láàárín ọ̀nà, ojú ti tì í nìyẹn. Búdà sọ fún ọmọ rẹ̀ kedere: bí o bá ń ṣe é lọ́wọ́, tí o rí i pé ó ń pani lára, dá a dúró.

Òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 29 ni nígbà tó fi ilé sílẹ̀ láti wá ọ̀nà tí èèyàn fi ń bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ Alara Kalama tán, olùkọ́ náà ní kí àwọn jọ máa darí ọmọ ẹ̀yìn, ó kúrò. Ó kọ́ ti Uddaka Ramaputta tán, wọ́n ní kó wá ṣe olórí; ó tún kúrò. Ó wá fi ebi pa ara rẹ̀ débi pé bó bá fọwọ́ kan ikùn, egungun ẹ̀yìn ló ń bá. Ó dá a dúró. Ó rántí pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun jókòó lábẹ́ òjìji igi kan, ọkàn òun sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ní àbí ibẹ̀ ni ọ̀nà wà? Ó jẹ ìrẹsì. Àwọn márùn-ún tó ń bá a rìn rí i tó ń jẹun, wọ́n ní ó ti padà sí ayé fàájì, wọ́n bá fi í sílẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wá ojú kejì

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Búdà náà fi "àwọn ọlọ́gbọ́n" sínú ìdánwò tó fún àwọn Kalama. Ẹni méjì tó. Ẹ wá ẹni tó ti ṣe irú nǹkan náà rí, àti ẹni tó mọ̀ yín tí kò ní èrè kankan nínú rẹ̀. Ẹ yẹra fún ọ̀rẹ́ tí Búdà júwe fún Sigala gẹ́gẹ́ bí apọ́nni: bí o fẹ́ ṣe rere, ó gbà, bí o fẹ́ ṣe ibi, ó gbà, ó ń yìn ọ́ lójú, ó ń bú ọ lẹ́yìn.

Ìbéèrè tí ẹ máa bi wọ́n ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá ní "Kí ni kí n ṣe?", ẹ ti gbé ìpinnu lé wọn lọ́wọ́, bó bá sì wọ́, ẹ ó dá wọn lẹ́bi. Ẹ ní: "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí. Kí ni mi ò tíì rí?" Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹnu mọ́ kí ẹ gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ya ohun tó ti tó àkókò sọ́tọ̀

B. R. Ambedkar ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ òfin ilẹ̀ Íńdíà. Inú àwọn tí wọ́n ń pè ní ẹni àìfọwọ́kàn, àwọn tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ jù lọ láwùjọ Híńdù, ni wọ́n bí i sí. Lọ́dún 1935, ní Yeola, ó kéde pé wọ́n bí òun ní Híńdù, ṣùgbọ́n òun kò ní kú ní Híńdù. Ibi tó máa lọ kò tíì dá a lójú. Ọdún 21 ló fi kàwé, tó fi wo ẹ̀sìn kan wo òmíràn, kó tó gba ẹ̀sìn Búdà ní Nagpur lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1956, òun àti ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ èèyàn. Ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún náà ló kú. Ìpinnu méjì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀: àtijáde, àti ibi tí a ń lọ. Ó ṣe ti àkọ́kọ́ nígbà tó yé e, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn kán an lójú nípa èkejì.

Ẹ wo gbólóhùn tiyín bóyá méjì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ lè kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́jọ́ Sátidé láì tíì kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ kankan. Bí ẹ bá sì ti pinnu, ẹ fi ọ̀rọ̀ tí Ajahn Chah, mọ́ńkì ará Thailand, máa ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "kò dájú." Ó ní kí wọ́n máa sọ ọ́ sí gbogbo ohun tí ọkàn bá gbé wá, ìbáà dùn, ìbáà korò.

Ìgbésẹ̀ keje: Bó bá wọ́

Ẹ̀kọ́ Rahula ní ìdáhùn fún èyí náà. Bí ohun tí o ṣe tàbí ohun tí o sọ bá ti pani lára, sọ ọ́ jáde fún olùkọ́ tàbí ọ̀rẹ́ ọlọ́gbọ́n, má bò ó, kí o sì ṣọ́ra lọ́jọ́ mìíràn. Kò ní kí o na ara rẹ. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ní gbólóhùn tó ní "mo" nínú: "Mo yá owó yẹn láì sọ fún ìyàwó mi." Ẹ kọ ọjọ́ sí i lórí bébà àkọ́kọ́ yẹn.

Ìtàn mìíràn wà nípa Rahula tí mo sábà máa ń rántí níbi yìí. Kó tó di pé bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ dígí, ìyá rẹ̀ ti rán an pé kó lọ béèrè ogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá. Búdà bá ní kí Sariputta, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, sọ ọmọ náà di mọ́ńkì kékeré. Suddhodana, bàbá Búdà, gbọ́. Ó wá, ó ní nígbà tí ìwọ lọ, ó dùn mí. Nígbà tí Nanda àbúrò rẹ lọ, ó dùn mí. Ti Rahula yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní ìfẹ́ ọmọ ń gé awọ, ó ń gé ẹran, ó ń gé iṣan, ó ń gé egungun, ó ń wọ inú mùdùnmúdùn. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má sọ ọmọ ẹnikẹ́ni di mọ́ńkì mọ́ láìgba àṣẹ òbí.

Búdà gbà, ó sọ ọ́ di òfin. Rahula kò padà sílé. Ṣùgbọ́n títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ di mọ́ńkì ní Thailand tàbí Sri Lanka, lára ohun tí wọ́n máa bi í níwájú gbogbo àwùjọ ni pé: ṣé bàbá àti ìyá rẹ fọwọ́ sí i?